Apá Mẹ́jọ Tó Kù fún Oníkẹ̀kẹ́

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹfà

Òjò látàárọ̀. Olóòtú ránṣẹ́ pè mí sí ọ́fíìsì, ó ní kí n jókòó, ó sì ti ilẹ̀kùn. Bí obìnrin yẹn bá ti ilẹ̀kùn, ó fẹ́ yìn ẹ́ ni tàbí ó fẹ́ pa ẹ́. Lónìí, ó ṣe díẹ̀ nínú méjèèjì. Ó ní ìtàn àwòrán mi ló ń ta mágásínì wa, ṣùgbọ́n apá mẹ́jọ péré ló kù, kí n wá ibi ire gúnlẹ̀ sí. Ó ti kọ gbogbo ohun tó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ sórí ìwé pélébé kan: òjò, pẹ̀lú agboòrùn kan ṣoṣo, ìyá ọkùnrin tó máa gbé àpòòwé owó fún ọmọbìnrin pé kó fi ọmọ òun sílẹ̀, jàǹbá ọkọ̀ tó máa mú kí ẹnì kan gbàgbé ara ẹ̀, lópin gbogbo ẹ̀, fìlà Oníkẹ̀kẹ́ á já bọ́, irun á tú dé èjìká, gbogbo ayé á rí i pé obìnrin ni láti ọjọ́ yìí wá. Gáùnù. Ìgbéyàwó. Ó parí.

Mo ní, "Mo gbọ́, mà." Kí ni ǹ bá tún sọ? Èmi náà ni mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ti lé lọ́gbọ̀n apá tí Oníkẹ̀kẹ́ ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lẹ́nu géètì ọsíbítù, tí Nọ́ọ̀sì ń gbé táyà tí kò jò wá bá a lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí Ọmọ Olówó náà ń yọjú, tí ọkàn ẹ̀ ń fà sí Oníkẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ ẹ̀, tí kò sì mọ ìdí. Àwọn òǹkàwé nìkan ló mọ àṣírí Oníkẹ̀kẹ́, torí mo ti yà á hàn wọ́n ní apá kẹsàn-án.

Iye tí mo fi ń ra ìgò tàdáwà méjì lọ́dún tó kọjá ni wọ́n ń ta ẹyọ kan báyìí. Ọrùn ọwọ́ mi tún ti ń ro mí.

Ìṣẹ́gun, 4

Mo gbé apá kìíní nínú mẹ́jọ fún Olóòtú. Àpòòwé owó. Nọ́ọ̀sì ni ìyá Ọmọ Olówó gbé e fún, bẹ́ẹ̀ Nọ́ọ̀sì ò tiẹ̀ ka ọmọ ẹ̀ sí rí. Mo kó ẹ̀gbà mẹ́fà sí ìyá náà lọ́wọ́ kan ṣoṣo, inú mi dùn.

Ọjọ́bọ̀, 6

Mágásínì jáde. Mo kà á fún Màmá lórí ìjókòó ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Láti ìgbà tí awọ funfun ti bo ojú ẹ̀ méjèèjì, ìmọ́lẹ̀ àti òjìji nìkan ló ń rí. Èmi ni mò ń ka ọ̀rọ̀, èmi náà ni mò ń ròyìn àwòrán. Tí mo bá sáré fo àpótí àwòrán kan, á ní, "Dúró. Kí ni wọ́n wọ̀? Ibo lọwọ́ ẹ̀ wà?"

Mo bi í pé ṣé ìtàn yìí ò tíì sú u, ó kúkú mọ ibi tó ń lọ.

"Mo mọ̀ pé wọ́n máa fẹ́ra. Ta ni ò mọ ìyẹn? Bí mo bá ń lọ sílé ara mi, ṣé mi ò mọ ilé mi ni? Síbẹ̀, inú mi á dùn bí mo bá ti rí òrùlé ẹ̀ lókèèrè."

Ìwé dókítà ojú dé. Ọjọ́ kẹta oṣù keje ni iṣẹ́ abẹ, ojú ọ̀tún lákọ̀ọ́kọ́. Wọ́n ní kí ẹni méjì tẹ̀lé Màmá: ẹnì kan á dì í mú, ẹnì kejì á máa sáré ìwé àti oògùn. Mo ní màá bẹ ẹnì kan nínú àwọn ará ilé. Màmá kọjú sí ògiri.

"Ẹni méjì ni wọ́n ní. Ọmọ méjì ni mo bí."

Mi ò lè ka ìyókù. Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí kò ti sọ ìyẹn.

Àbámẹ́ta, 8

Mo pe Àbúrò.

Àárín pálọ̀ yìí ló dúró sí lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, tó sọ fún Màmá pé òun kì í ṣe ọmọbìnrin tí wọ́n ń pe òun, pé ọkùnrin lòun, ó sì ti pẹ́ tóun ti mọ̀. Màmá ní kó máa lọ títí orí ẹ̀ á fi pé. Ó lọ. Orí ẹ̀ sì pé lọ́hùn-ún: ó kọ́ṣẹ́ fíríìjì, ó gba yàrá, ó yí orúkọ ẹ̀ padà, irùngbọ̀n hù. Èmi nìkan ni mo ń pè é, ẹ̀ẹ̀mẹta ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún, bí ẹni ń jalè. Ní tèmi, kò sí wàhálà ohun tí màá pè é. Àbúrò ni mo ń pè é láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wálé nínú aṣọ òtútù. Ọ̀rọ̀ yẹn ò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

Mo ní, "Màmá ń fẹ́ kó o wá."

"Ṣé wọ́n sọ bẹ́ẹ̀, àbí ẹ̀yin lẹ fẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Wọ́n ní ọmọ méjì làwọn bí."

"Mò ń bọ̀," ló wí. Ó tún ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mò ń ka Oníkẹ̀kẹ́ o. Ọ̀gá mi ló ń rà á. A máa sọ̀rọ̀."

Mo lọ yọ apá kẹsàn-án jáde, mo tún un wò.

Ẹtì, 14

Ó dé ní ọ̀sán, òjò ti pa á, ó tutù rin. Ó ti sígbọnlẹ̀, èjìká ẹ̀ gbòòrò, ó gbé àpótí irinṣẹ́ dání bí ẹni tí wọ́n pè wá tún nǹkan ṣe. Màmá gbọ́ ohùn tó ń kí mi lẹ́nu ọ̀nà.

"Ta nìyẹn? Ṣé ẹni iná mànàmáná ni?"

"Èmi ni, Màmá."

"Ìwọ ta?"

Ó wò mí. Mi ò lè bá a dáhùn ìyẹn. Ó ní, "Ọmọ yín ni."

Màmá na etí bí ẹni ń wá nǹkan nínú ohùn náà. Ó pe orúkọ àtijọ́, ohùn ẹ̀ lọ sókè níparí bí ìbéèrè. Àbúrò ò jẹ́ ẹ, kò sì yí padà lọ. Ó kàn dúró, omi ń kán sílẹ̀ lára ẹ̀.

"Wọlé," Màmá ló sọ bẹ́ẹ̀ níkẹyìn. "Òjò ń pa ẹ́."

Àìkú, 16

Ohun tí mo ń bẹ̀rù ti dé. Màmá ń sùn lọ́sàn-án, Àbúrò tẹ́ ojú ìwé kan sórí tábìlì kíṣìnnì. Ó ti ká a sí mẹ́rin. Apá kẹsàn-án: Oníkẹ̀kẹ́ nínú yàrá, ẹ̀yìn ẹ̀ sí wa, ó ń fi aṣọ di àyà ẹ̀.

"Aṣọ aláwọ̀ ewé lẹ yà. Búlù ni tèmi. Ohun kan ṣoṣo tẹ́ ẹ yí padà nìyẹn."

Mo ní mo mọ̀.

"Ẹ ò mọ̀, Ẹ̀gbọ́n mi. Inú yàrá wa ni mo ti fi hàn yín, kì í ṣe fún mágásínì. Mo dúró sí ṣọ́ọ̀bù, ọ̀gá mi na ojú ìwé yìí sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, 'Wo bí ọmọ yìí ṣe ń tan gbogbo ayé jẹ.' Mo bá a rẹ́rìn-ín. Ẹ ò mọ bí ẹ̀rín yẹn ṣe korò tó. Mi ò tan ẹnikẹ́ni jẹ rí. Ìgbà tí mo wà nílé yìí gan-an ni mo ń tan èèyàn jẹ."

Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Mo bẹ̀ ẹ́. Àgbà tó ṣẹ̀, kó bẹ̀. Kò sí ohun tó máa já bọ́ lára ẹ̀. Mo sọ òtítọ́ fún un: ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀ ìtàn yẹn, àárò ẹ̀ ń sọ mí, mo sì fẹ́ rí ẹnì kan tó jọ ọ́ lójoojúmọ́ lórí tábìlì mi. Ó ní ìyẹn dáa, ṣùgbọ́n kò tó. Ó bi mí báwo ló ṣe máa parí. Mo sọ fún un nípa fìlà tó máa já bọ́, nípa irun, nípa gáùnù.

"Ẹ̀yin náà," ó ní. Ó ká ìwé yẹn padà sí mẹ́rin.

Ìṣẹ́gun, 18

Apá kẹta lọ. Ọwọ́ ń ro mí dé ìgúnpá. Àbúrò ṣì ń kí mi láàárọ̀, ìyẹn náà tó nǹkan.

Ọjọ́bọ̀, 20

Fíríìjì Màmá ti ń kérora láti ọdún tó kọjá bí aláboyún. Lónìí Àbúrò tú ẹ̀yìn ẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu. Èmi ń kàwé fún Màmá. Mo dé ibi tí Oníkẹ̀kẹ́ ti gbé Nọ́ọ̀sì sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ dé ẹnu iṣẹ́ nígbà tí ọ̀nà kún fún omi. Màmá dá mi dúró.

"Oníkẹ̀kẹ́ yìí. Ṣé ọkùnrin ni àbí obìnrin?"

Mo gbé ojú sókè kúrò nínú ìwé. Ìgbà tí mo ka apá kẹsàn-án fún un, mo fo àpótí yẹn. Gbogbo ìyókù, "ó" ni mò ń pè é: ó dìde, ó rẹ́rìn-ín, ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà. Èdè wa ò sọ, Màmá ò sì rí àwòrán. Èmi tí mò ń yà á nìkan ni mo máa ń rò pé dandan ni kí n sọ: bí ìpéǹpéjú ṣe gùn tó, bí àgbọ̀n ṣe rí. Ẹ̀wádún méjì ni mo ti fi ń ya obìnrin pẹ̀lú ìpéǹpéjú mẹ́ta ní igun ojú, bẹ́ẹ̀ ọkùnrin náà ní ìpéǹpéjú.

Láti ẹ̀yìn fíríìjì, Àbúrò ní, "Kí lẹ̀yin rò, Màmá?"

Màmá rò ó. "Èmi ò mọ̀. Ó mọṣẹ́ ẹ̀ ṣáá."

Fíríìjì náà dákẹ́ lójijì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mí jẹ́jẹ́. Màmá ní, "Ẹ̀n-ẹ́n. Ìwọ náà mọṣẹ́."

Ajé, 24

Mo lọ bá Olóòtú. Mo ní mo fẹ́ kí fìlà Oníkẹ̀kẹ́ wà lórí ẹ̀ títí ìtàn á fi parí, kì í ṣe torí àṣírí, torí pé fìlà ẹ̀ ni. Ọkùnrin ni. Ó ń fẹ́ Nọ́ọ̀sì, Nọ́ọ̀sì ń fẹ́ ẹ.

"Ta ló ní kó o yí i padà?"

"Kò sẹ́ni tó ní kí n yí i, mà. Èmi ni mo yà á láìdáa láti ìbẹ̀rẹ̀."

Ó bọ́ gíláàsì ojú ẹ̀. "Ayàwòrán, gbọ́ mi. Ẹni tó ń ra ìwé wa ti dúró lórí ẹsẹ̀ látàárọ̀. Ó fẹ́ mọ ibi tí ọ̀nà ń já sí kó tó gbéra. O wá fẹ́ mú un wọgbó?"

Ọ̀rọ̀ ẹ̀ jọ ọ̀rọ̀ Màmá nípa òrùlé, bẹ́ẹ̀ ni mo gba ti Màmá gbọ́. Ó ní tí fìlà yẹn ò bá já bọ́, òun á gbé apá méjì tó kẹ́yìn fún Akunlé. Ayàwòrán kejì là ń pè bẹ́ẹ̀, torí ó ń ya ojú èèyàn bí ẹni ń kun ògiri. Akunlé ò burú, ṣùgbọ́n á fún Oníkẹ̀kẹ́ ní gáùnù tó ní ìrù.

Mo fẹsẹ̀ rìn wálé nínú òjò. Mo ní agboòrùn lápò, mi ò rántí ṣí i.

Ọjọ́rú, 26

Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún Àbúrò. Ó ń bó èso lórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé, ó gé ìdajì fún mi. Mo ní bóyá kí n ya Oníkẹ̀kẹ́ kó dìde láàárín ọsíbítù, kó ṣàlàyé ara ẹ̀ fún gbogbo wọn, kí àwọn òǹkàwé lè kọ́gbọ́n.

"Ẹ dákun. Iṣẹ́ táyà ti tó o, ẹ má sọ ọ́ di tíṣà." Ó nu ọ̀bẹ sí ṣòkòtò. "Ẹ̀gbọ́n mi, gbogbo àwọn yòókù nínú ìwé yẹn ni òjò ń pa, tí ẹnì kan á sáré gbé agboòrùn bọ̀. Apá mélòó lẹ ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún Ọmọ Olówó? Ṣé Oníkẹ̀kẹ́ nìkan ni ò ní rí tiẹ̀ gbà ni? Mi ò fẹ́ kí ẹ kọ́ ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ kí òjò rọ̀ sórí òun náà."

Mo dúró bí ẹni tí wọ́n da omi tútù sí lẹ́yìn. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yìí ni mo ti ń rò pé kí n fọ́ àwọn nǹkan àtijọ́ yìí túútúú ló tọ́: agboòrùn, àpòòwé, ìgbàgbé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kí n fún un ní tiẹ̀ ló tọ́, gbogbo ẹ̀, láì yọ ẹyọ kan.

Mo sáré gbé bébà. Mo ní kó dúró sí àárín ẹ̀yìnkùlé kó di agboòrùn mú, kí n lè rí bí apá ṣe ń tẹ̀. Ìgbálẹ̀ onígi gígùn la gbé dúró bí Nọ́ọ̀sì. Ó tẹ agboòrùn sọ́dọ̀ ìgbálẹ̀ náà, ó wò ó tìfẹ́tìfẹ́, èmi sì ń rẹ́rìn-ín títí pẹ́ńsù fi bọ́ lọ́wọ́ mi.

Màmá pariwo láti inú ilé. "Kí lẹ̀ ń ṣe níta?"

"À ń kọnu ìfẹ́ sí ìgbálẹ̀, Màmá!"

"Kí ìgbálẹ̀ náà má tètè gbà o!"

Ọjọ́rú, 3 oṣù keje

Ọsíbítù ojú. A ti dé ibẹ̀ kí oòrùn tó le. Akọ̀wé tó wà lẹ́nu fèrèsé béèrè lọ́wọ́ Màmá pé ta ló tẹ̀lé e wá. Mo rí i tí èjìká Àbúrò le. Níbí yìí ni wọ́n ti máa ń wo ojú ẹni, wo ìwé, tún wo ojú ẹni.

Màmá ní, "Àwọn ọmọ mi méjèèjì."

Akọ̀wé kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó tán. Ẹ̀yin ará, ó tán.

Wọ́n ṣe é ní ìwọ̀nba ìgbà tí mo fi jẹ èékánná mẹ́ta tán. Bándéèjì funfun bo ojú ọ̀tún. Nígbà tí a ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, apá Àbúrò ni Màmá gbá mú, kò sì jẹ́ kí n gbà á.

Ọjọ́bọ̀, 4

Wọ́n ṣí i láàárọ̀. Ká ní ìwé mi ni, ohun àkọ́kọ́ tí Màmá máa rí ni ojú ọmọ ẹ̀, omijé á sì bọ́ ní àpótí mẹ́ta tẹ̀ léra. Ohun àkọ́kọ́ tí Màmá rí ni ẹsẹ̀ ògiri ọsíbítù. "Ṣé ẹ kì í fọ ibí yìí ni?" Èkejì ni ojú ara ẹ̀ nínú dígí balùwẹ̀. "Yé! Ta ló gbé ìyá mi wá síbí?"

Ìgbà tó wá kan Àbúrò, ó ní kó súnmọ́. Ó gbá àgbọ̀n ẹ̀ mú, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó fi àtàǹpàkò ra irùngbọ̀n ẹ̀. Nọ́ọ̀sì ọsíbítù tó mú oògùn wá dúró, kò fẹ́ dí wọn lọ́wọ́.

"Ta ló ń gé irun yìí fún ẹ?"

"Agẹrun kan ní àdúgbò mi ni, mà."

"Ó ń rẹ́ ẹ jẹ. Ẹ̀yìn ò dọ́gba."

Ẹtì, 5

Ayọ̀ ò dé ọjọ́ kejì. Ìyá tó ń gbé lókè wá kí Màmá, Màmá sì nawọ́ sí Àbúrò, ó pe orúkọ àtijọ́ yẹn ketekete, ó ní, "Ọmọ mi obìnrin kejì nìyẹn." Àlejò náà wo irùngbọ̀n, ó wo Màmá, ó wá rò pé ojú ò tíì jinná. Àbúrò gbé àpótí irinṣẹ́ ẹ̀, ó jáde, kò wọlé títí oòrùn fi rẹlẹ̀.

Mo bá Màmá sọ̀rọ̀. Ó le mọ́ mi. "Orúkọ tí mo fún un, ṣé mo jí i gbé ni? Mo rí i. Mo ti rí i pé ó ti dàgbà bẹ́ẹ̀. Ahọ́n mi ló ń lọ síbi tó mọ̀."

Ó ní òun fẹ́ dá jókòó fúngbà díẹ̀. Kò fẹ́ kí n kàwé fún òun.

Àìkú, 7

Mo ti lọ fi àtúnṣe apá kẹfà sínú oòrùn kí tàdáwà lè gbẹ, mo padà wọlé, mo bá Màmá lórí ilẹ̀ yàrá mi. Ó ti kó gbogbo mágásínì àtijọ́ sílẹ̀ yí ara ẹ̀ ká. Ó ń fi ojú kan kà wọ́n, ó fi ọwọ́ bo ojú òsì. Apá kẹsàn-án ló wà lórí itan ẹ̀.

"O fo èyí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó fi ìka tọ aṣọ aláwọ̀ ewé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ní, "Òun ni."

"Òun ni, mà."

"Nínú ilé mi? Nínú yàrá yín yẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Èmi wà ní kíṣìnnì." Ẹni tó ń gbá ojúde ní ìta parí ọ̀nà kan, ó bẹ̀rẹ̀ òmíràn. "Ṣé ó máa ń dùn ún?"

Mo ní ó máa ń dùn ún, nígbà míràn kì í lè mí dáadáa lórí àtẹ̀gùn. Màmá ní òun rántí. Òun máa ń bá a wí pé ọ̀lẹ ni, pé ọmọdé wo ni àtẹ̀gùn ń dá dúró.

Kò sunkún. Ó ní kí n gbé òun dìde. Ó lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àbúrò. Mi ò lọ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Láti fèrèsé, mo rí i pé Màmá ló ń sọ̀rọ̀, Àbúrò ló ń nu ojú.

Ìṣẹ́gun, 9

Mo gbé apá kẹfà lọ, níbi tí Ọmọ Olówó ti fi mọ́tò gbá òpó iná, tó sì gbàgbé gbogbo ayé ẹ̀, títí kan ìyá ẹ̀ àti ẹ̀gbà ẹ̀. Mo gbé apá méjì tó kẹ́yìn tẹ̀ lé e, tí mo ti fi pẹ́ńsù yà tán. Mo tẹ́ ìwé pélébé Olóòtú sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Mo ní, "Ẹ wò ó, mà. Òjò: ojú ìwé mẹ́ta ló fi ń rọ̀. Agboòrùn kan ṣoṣo. Nọ́ọ̀sì ń sáré, bàtà kan yọ lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Ọmọ Olówó la ojú ní bẹ́ẹ̀dì, dókítà rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, ìfẹ́ tuntun bẹ̀rẹ̀. Mo tiẹ̀ fi ẹyẹlé méjì sí i, ẹ ò sì béèrè ẹyẹlé lọ́wọ́ mi."

Ó ti ń rẹ́rìn-ín. "Fìlà ńkọ́?"

"Ó wà lórí ẹ̀. Ó tutù rin."

Ó kà á láti òkè. Ní apá keje, Oníkẹ̀kẹ́ fúnra ẹ̀ ló sọ fún Nọ́ọ̀sì, kò sẹ́ni tó já nǹkan kan lórí ẹ̀: "Ọmọbìnrin ni wọ́n pè mí nígbà tí wọ́n bí mi. Wọ́n ṣì mí pè. Mo fẹ́ kó o gbọ́ ọ lẹ́nu mi kó o tó ṣí agboòrùn yẹn." Nọ́ọ̀sì ò dá a lóhùn, ó gbé agboòrùn lọ. Ibẹ̀ ni apá keje parí sí.

Olóòtú dìde, ó lọ dúró sí fèrèsé. Mo gbọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé nísàlẹ̀. Ó ní, "O ò mú wọn wọgbó."

"Rárá, mà."

"Keje á jáde. Tí lẹ́tà bá burú, mo máa fún Akunlé ní ìkẹjọ, o ò sì ní bá mi jà."

Mo ní mo gbà.

Àbámẹ́ta, 13

Àbúrò ṣe igi pẹrẹsẹ kan fún mi tí mo lè gbé ọrùn ọwọ́ lé bí mo bá ń yàwòrán. Ìrora ti rọ̀ díẹ̀. Kò sọ pé òun ti dárí jì mí. Ó kàn wọn ọwọ́ mi pẹ̀lú okùn, ó sì lọ gé igi.

Ẹtì, 19

Apá keje jáde lánàá. Olóòtú pè lónìí.

"Lẹ́tà àti ìpè mẹ́tàdínlógójì."

"Ẹ sọ ọ́, mà."

"Mọ́kànlá ń bú wa. Ẹnì kan ní òun ò ní rà á mọ́ láyé, kò tíì tó wákàtí kan tó tún pè padà. Awakọ̀ kan ní òun ti gé ojú ìwé náà lẹ̀ mọ́ ibi ìdarí ọkọ̀ òun, kò sọ ìdí. Àwọn yòókù, ṣé o mọ ohun tí wọ́n ń béèrè? Wọ́n ní ṣé Nọ́ọ̀sì máa gbà."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan. 'Ṣé ó máa gbà, ẹ má jẹ́ kí ọkàn wa já.' Bí wọ́n ṣe ń béèrè nípa gbogbo àwọn yòókù láti ogún ọdún." Ó mí kanlẹ̀. "Fi tàdáwà sí ìkẹjọ. Kí ẹyẹlé náà di ẹyọ kan. Méjì ti pọ̀jù."

Mo sáré lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo gbá Àbúrò mọ́ra tòun ti ọwọ́ ọ̀rá ẹ̀. Ó ní, "Ẹ má tíì yọ̀. Ṣé ó máa gbà?"

Ìṣẹ́gun, 23

Mo gbé ìkẹjọ fún Olóòtú. Nọ́ọ̀sì gbà.

Ọjọ́bọ̀, 25

Màmá fúnra ẹ̀ ló kà á lónìí, sókè, láì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ran òun lọ́wọ́. Ó ń ṣi ọ̀rọ̀ kà, ó ń padà, ó ń lo ìka. Àbúrò jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ ẹ̀, èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó dé ibi agboòrùn, ó gbé ìwé náà súnmọ́ ojú tó ríran.

"Ó ti tutù tán kí obìnrin yìí tó dé," ó ní. "Kí ló ń ṣe láti òwúrọ̀?"

"Bàtà ẹ̀ ló yọ, Màmá."

"Kó máa fi ẹsẹ̀ lásán bọ̀! Ta ló ń wo bàtà?" Ó yí ojú ìwé. Lẹ́yìn náà ló ní, "Wọ́n fẹ́ra. Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Àìkú, 28

Àbúrò ń lọ lónìí, ọ̀gá ẹ̀ ti ń wá a. Á padà wá fún ojú òsì ní oṣù kẹsàn-án. Òjò ò rọ̀. A ń kó ẹrù ẹ̀ ní pálọ̀ nígbà tí Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í pe ẹnì kan láti inú yàrá ẹ̀. Orúkọ ọkùnrin ni, orúkọ ìkẹ́ tí kò tíì sẹ́ni tó jẹ́ ẹ rí nínú ilé wa. Èmi àti Àbúrò wo ara wa. Mo rò pé àlejò wà lọ́dọ̀ ẹ̀.

Ó tún un pè, ó fà á gùn díẹ̀ sí i. Àbúrò ń ká ṣẹ́ẹ̀tì.

"Àbí o dití ni?" Màmá pariwo. "Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wá orúkọ yìí, èmi nìkan, mi ò bi ẹnikẹ́ni. Ṣé kò dáa ni?"

Ṣẹ́ẹ̀tì bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Mi ò ní kọ orúkọ náà síbí. Ohun tí mo ti mú lára ẹ̀ láì tọrọ ti tó. Màmá pè é lẹ́ẹ̀kẹta, jẹ́jẹ́.

"Mà!" ló dáhùn, ó sì sáré wọlé lọ gbé àpótí tó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù sọ̀kalẹ̀ fún un.